Omi Tí N Kò Mu Lọ́jà

Ọgọ́rùn-ún náírà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn kó tó tọ̀ ní ọjà wa. Ẹ pariwo Halelúyà! Ẹ tún un pa, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, àbí ohùn náà ti ń gba owó ni? Mo ní ọgọ́rùn-ún náírà. Kì í ṣe owó ìwẹ̀ o. Kì í ṣe ti ìgbẹ́, ìyẹn ní iye tirẹ̀. Ìtọ̀ lásán, èyí tí ewúrẹ́ ń tọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnu ọ̀nà olówó, tí ẹnikẹ́ni kì í bi í léèrè.

Ẹ̀yin ará, ògo ni fún Ọlọ́run tó dá mi sí. Mo dúró níwájú yín lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, kíndìnrín mi méjèèjì sì wà nínú mi, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi dúpẹ́! Ṣùgbọ́n ẹ má retí ohùn jẹ́jẹ́ lẹ́nu mi lónìí. Inú ń bí mi. Mo bínú wá síbí, bóyá ni n kò ní bínú lọ sílé. Ọlọ́run tó gbà mí kò sọ pé kí n máa rẹ́rìn-ín sí àwọn tó fẹ́ pa mí, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí n gbójú fo ara mi, torí èmi gan-an wà lára wọn.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Títí aláró, ní Kemta níbí. Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tí ìyá mi ti kú, tó fi ṣọ́ọ̀bù kan sílẹ̀ fún mi lọ́jà, pẹ̀lú ìkòkò aró mẹ́rin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò ní ilé, n kò ní mọ́tò. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ọkọ mi láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìwé àyẹ̀wò ìtọ̀ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi bírò jẹun. Tí a bá ti po sódà, èyí tó ń jó èèyàn lọ́wọ́, àti àtíkè aró pọ̀ nínú omi gbígbóná, aró ti jí nìyẹn. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti rẹ̀ ẹ́, aṣọ tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn á jáde bí aṣọ tí òjò ti lù fún oṣù mẹ́ta. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà lọ́wọ́ rẹ dé ìgúnpá, oòrùn lórí, iná lábẹ́. Ìgbà wo lo fẹ́ bọ́wọ́, kí o wá owó, kí o lọ tò sí ìlà ilé ìtọ̀? Ìyá mi máa ń sọ pé, "Aláró tó bá ń mu omi, aṣọ rẹ̀ ló máa jìyà." Bí wọ́n ṣe kọ́ wa níṣẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí aró bá jí, o ò gbọdọ̀ mu omi títí o ó fi sá aṣọ tó kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n wá kọ́ ilé ìtọ̀ tuntun, tí wọ́n fi bàbá kan sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú agolo owó, mo ní, ẹ kú orí ire! Ọjọ́ tí aró ò jí gan-an, n kò ní mu omi. Gúgúrú àti ẹ̀pà oníyọ̀ lọ́sàn-án, ó tán. Mò ń fi í yangàn! Mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé agolo bàbá yẹn kò tíì rí àwọ̀ owó mi láti ọdún tó kọjá.

Alhaja Síkírá, ọ̀rẹ́ mi tí ìkòkò rẹ̀ tẹ̀lé tèmi, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mùsùlùmí ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ máa gbọ́ ohun tó ṣe. Ó máa ń ní, "Ìyá Títí, èmi gba ààwẹ̀ oṣù kan, mo ń mu omi ní sààrì, mo ń mu omi nígbà ìṣínu. Ìwọ gba ti ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sí sààrì, kò sí láádà. Ṣé o fẹ́ fi ìtọ̀ yẹn rẹ aṣọ ni tí o fi ń tọ́jú rẹ̀?"

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí i bí ẹ̀rín ṣe ń dùn lẹ́nu òmùgọ̀?

Ọjọ́ Ẹtì kan ni. Aró mi ti jí, mo ti ki aṣọ méjìlá bọ̀ ọ́. Ni nǹkan kan bá gbá mi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Yéè! Mo ti bímọ mẹ́ta, ọ̀kan fi ẹsẹ̀ wá. Ìrora yìí fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣẹ̀sín. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó yí wá sí ikùn, ó ń sọ̀ lọ sí abẹ́ bí ẹni ń fa okùn ẹlẹ́gùn-ún gba inú mi kọjá. Mo jókòó, kò gbà. Mo dìde, kò gbà. Mo dùbúlẹ̀ sínú omi aró, mo ń yí, mo ń bì, gbogbo ara mi di aró.

Síkírá sáré dé. "Ìyá Títí! Kí lèyí? Ṣé oyún ni? Ta ló fún ọ lóyún pẹ̀lú ewú orí?"

"Síkírá, mò ń kú lọ."

"O ò ní kú. Aṣọ oníbàárà ṣì wà nínú aró."

Ó bá mi kó aṣọ náà jáde o, lẹ́yìn náà ló wọ́ mi lọ sí ilé ìtọ̀, ó sì san ọgọ́rùn-ún náírà nítorí mi. Ohun tó jáde kò kún ìdajì ife. Àwọ̀ rẹ̀ bí sóbò tó ti kan. Síkírá wò ó, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Láfẹ́nwá tó ń ta oògùn òyìnbó. Gbogbo wa ń pè é ní Dókítà. Ta ló fi í jẹ ẹ́? Àwa náà ni. Ó ra aṣọ funfun, ó fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kọ́ ọrùn, a sì ṣe tán láti kú sí i lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ní kí ọlọ́kadà gbé mi lọ. Ó gún mi lábẹ́rẹ́, ìrora rọlẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀, ó fún mi ní ìgò kan, ó ní kí n gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìgò náà kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo wò ó títí. Èmi àgbàlagbà, kí n máa wá ẹnu ìgò kiri bí ẹni ń wá ojú abẹ́rẹ́? Láàárọ̀, mo mú ìgò ike ńlá kan tó wà nílé, èyí tí mo máa ń fi gbé omi sódà tó bá ṣẹ́kù wá láti ọjà. Ẹ má tíì pariwo! Mo fọ̀ ọ́. Mo fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Aláró ni mí, ta ló fẹ́ kọ́ mi ní fífọ nǹkan? Mo tọ̀ sí i, mo dé e, mo fi ọ̀rá dì í, ó di Láfẹ́nwá. Dókítà ní kí n gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní láàbù ní òdìkejì títì.

Ọmọkùnrin láàbù náà gbé ìgò sókè. "Màmá, gbogbo èyí?"

Mo ní kó mú iye tó bá fẹ́, kó fi ìyókù ṣe sàárà.

Ìwé jáde lọ́sàn-án. Ìwé márùn-ún ni mo kà, ẹ̀kẹfà ò bá mi nílé. N kò mọ ohun tí wọ́n kọ, ṣùgbọ́n mo rí àgbélébùú kékeré mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀léra, bí ti orí òkè Kálífárì gan-an. Mo tún wo ìsàlẹ̀, mo rí méjì sí i. Mo ní, ẹ wá wo Jésù! Ó ti fọwọ́ sí ìwé mi! Mo kúnlẹ̀ sójú títì, mò ń dúpẹ́. Ọlọ́kadà kan ní, "Ìyá, ẹ dìde, ẹ fẹ́ kí n rán yín lọ bá a ni?"

Mo gbé ìwé fún Dókítà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó wò ó. Ó fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Ìyá, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó, Dókítà."

"Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ rí àwọn àmì mẹ́ta yìí? Purotéènì nìyẹn. Ó pọ̀ nínú ìtọ̀ yín. Kíndìnrín yín ti ń jò."

"Èwo nínú méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́?"

"Ọ̀kan ti kú. Èkejì ń lọ."

Ẹ̀yin ará! Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn o, bí ẹni ń sọ pé búrẹ́dì ti tán. Àgbélébùú tí mò ń kúnlẹ̀ fún, ó ti di ti ibojì mi. Mo bi í pé kí ni ṣíṣe. Ó ní a máa fọ kíndìnrín, pé òun lè fọ̀ ọ́ níbẹ̀, nínú yàrá ẹ̀yìn, pẹ̀lú dírípù ogún àti abẹ́rẹ́ ogún. Ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà ni.

Mo ní, "Níbo ni mo ti fẹ́ rí i?"

Ó ní, "Ẹ ṣáà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ ẹni tó máa rà á lówó ọwọ́. Ẹ má sì sọ fún àwọn ọmọ, ẹ máa kó ìdààmú bá wọn lásán ni."

Mo gbà. Ẹ gbọ́ mi? Èmi tí mo máa ń ná ata títí aláta á fi sunkún, ọkùnrin yìí dá iye lé ẹ̀mí mi, n kò ná an.

Mo gbé ẹkún wá sílé. Ẹnìkan nínú ìjọ yìí, n kò ní dárúkọ, ó jókòó sẹ́yìn òpó yẹn, ó ti ń tún gèlè ṣe, ó wá kí mi. Ó ní ọfà ni wọ́n ta sí mi. Ó ní kí n gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, kò gbọdọ̀ sí omi. Àrábìnrin, mo ti dárí jì ọ́, jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò. Ẹni tí àìmu omi ń pa lọ, òun lẹ ní kó má mu omi! Mo gba ọjọ́ kan àti àbọ̀. Ní ọjọ́ kejì ìrora náà padà wá, ó mú àwọn ẹbí rẹ̀ dání.

Lọ́jọ́ Ajé, mo fa ara mi dé ọjà. Mo ní, "Síkírá, ìwọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi lọ̀. Ra ṣọ́ọ̀bù mi."

Ó ń yọ aṣọ lọ́wọ́. Kò wo ojú mi. "N kò ra nǹkan òkú lọ́wọ́ alààyè. Kí ló dé?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Aró rẹ̀ ti jí o, ṣùgbọ́n ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé obìnrin yìí fẹ́ràn mi.

"Ìyá Títí, obìnrin kan wá láàárọ̀ yìí, ó fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà rẹ. Mo bi í pé kí ló ń wá. Ó ní ọkọ òun ló rán òun. Ṣé o mọ ọkọ rẹ̀? Dókítà rẹ ni. Ìyàwó kékeré rẹ̀ ń wá ibi tó máa ti máa ta ọṣẹ."

"Bóyá ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni."

"Ràn ọ́ lọ́wọ́ ni? Igún ń fi téèpù wọn ọ, o ní ó fẹ́ rán aṣọ fún ọ! Mú fóònù rẹ wá. N óò pe Títí."

Títí, àkọ́bí mi, ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìkẹjà, ojoojúmọ́ ló ń lọ tó ń bọ̀. Ọjọ́ yẹn kò dúró de ìrọ̀lẹ́. Ó bá mi lọ́jà, bàtà ọ́fíìsì lẹ́sẹ̀, ojú pọ́n.

"Màámi, ta ló ní kí ẹ ta nǹkan ìyá yín?"

"Títí, kíndìnrín mi ti kú. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Dókítà wo?"

"Ti Láfẹ́nwá."

"Ẹni tó ń ta oògùn ikọ́! Màámi, ẹ dìde."

Ọjọ́ kejì, ó di ilé ìwòsàn ìjọba. A tò títí ìdí mi fi kú. Nígbà tó kàn wá, mo rí ọmọbìnrin kékeré kan tó jókòó sórí àga dókítà. Mo ní kí ó bá wa pe ìyá rẹ̀. Títí tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, èmi náà ni." Ó gba ìwé Láfẹ́nwá, ó kà á, ó tún un kà. Iwájú orí rẹ̀ ká.

"Màmá, ìtọ̀ yín le bí omi eérú. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbí, ekukáká la fi ń rí i lára èèyàn. Inú kí ni ẹ tọ̀ sí?"

"Inú ìgò."

"Ìgò wo?"

"Ìgò mi."

"Kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Omi sódà. Ṣùgbọ́n mo fọ̀ ọ́ o."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Títí fi ọwọ́ bo ojú. Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sá jáde, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìta. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Inú bí i, kì í ṣe sí èmi. Ó ní, "Ẹni tó rí nọ́ńbà yìí, tí kò bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn, kò yẹ kó ka ìwé yìí fún ẹnikẹ́ni."

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n máa ń kì bọ ìtọ̀, àwọn àpólà kéékèèké orí rẹ̀ á yí àwọ̀ padà, àwọ̀ yẹn ni wọ́n ń kà. Ó ní sódà máa ń tan ìwé náà jẹ, á mú kó yí àwọ̀ bíi pé purotéènì wà níbẹ̀, kò sì sí.

Ẹ̀yin ará, aláró ni mí! Sódà àti àwọ̀, ta ló tún fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi? Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi ń jẹun. Mo lọ fi sódà ọwọ́ ara mi rẹ ìwé ìtọ̀ ara mi láró, mo wá ń sunkún pé ó mú àwọ̀!

Wọ́n tún un ṣe. Nọ́ọ̀sì fún mi ní ike tuntun tí wọn ò tíì ṣí rí. Ó ní kí n fi omi fọ abẹ́ mi, kí n jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà nù, kí n gba ti àárín. Mo gbà á bí ẹni ń gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ya àwòrán inú mi. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, Dókítà ọmọdé pè wá wọlé.

"Màmá, kò sí purotéènì. Ẹ̀jẹ̀ yín fi hàn pé kíndìnrín yín méjèèjì ń ṣiṣẹ́."

Mo kígbe. Mo ní Halelúyà! Wọ́n gbọ́ mi ní ẹnu géètì.

"Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Àmì méjì ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ̀jẹ̀ ni, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́, torí ó tún wà nínú èyí tí a gbà níbí. Ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìtọ̀ pọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n ya àwòrán. Òkúta kan ló há sí ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà bọ́ láti kíndìnrín òsì. Ó tó hóró ọkà bàbà kan."

Òkúta! Abẹ́ òkúta ni àwọn baba wa ọmọ Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun. Èmi, òkúta ló sá sínú mi.

"Màmá, ife omi mélòó lẹ ń mu láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́?"

"Ọ̀kan. Tí mo bá fẹ́ lo oògùn."

"Nítorí kí ni?"

Mo wo Títí. Mo wo ilẹ̀. "Ọgọ́rùn-ún náírà."

Títí bá mi sọ ìyókù fún un. Dókítà yíjú sí mi. Ó ní, "Màmá, tí omi bá kéré nínú aró yín, tó wá jókòó sójú kan, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?"

"Ó máa ń ki. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á rọlẹ̀ sí ìdí ìkòkò, á le koko."

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yín nìyẹn. Ìtọ̀ yín ki, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ló di òkúta."

Ẹ rí ọmọ yẹn? Ọlọ́run bù kún inú tó bí i. N kò lọ ilé ìwé pẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni tó tún lè gba ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lọ́kàn mi. Ó ní òkúta yìí kéré, ó lè fúnra rẹ̀ jáde. Ó fún mi ní oògùn ìrora. Ó ní kí n mu omi títí ìtọ̀ mi á fi mọ́, kí n dín iyọ̀ kù. Ó ní kí n máa fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ìtọ̀ mi nígbà gbogbo, kí òkúta náà má bàa sá lọ, torí òun fẹ́ rí i. Ó wá na ìka sí mi, ó ní tí ibà tàbí òtútù bá fi lè dara pọ̀ mọ́ ìrora, tàbí tí ìtọ̀ bá dá dúró, n kò gbọdọ̀ lọ sí Láfẹ́nwá, n kò gbọdọ̀ lọ sí orí òkè àdúrà, wákàtí yẹn náà ni kí n padà wá.

Mo ya tẹ́rú funfun tuntun, aṣọ tí mo fẹ́ rẹ láró, mo fi ṣe asẹ́. Mo ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ sọ́jà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni mò ń lọ ilé ìtọ̀. Síkírá á máa bá mi ṣọ́ aró, kò sì sí aṣọ kankan tó jìyà. Ìyá mi, sùn re o, ṣùgbọ́n irọ́ lẹ pa. Bàbá onílé ìtọ̀ ní, "Ìyá Títí, ṣé ẹ̀ ń bọ̀ wá sanwó ilé ni?"

Ọjọ́ kejìlá, lọ́sàn-án gangan, ìrora kan ta mí lábẹ́. Mo wo inú tẹ́rú. Òun rèé. Ó dúdú díẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú bí èékánná ológbò. Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ yìn ín fún mi! Mo jó nínú ilé ìtọ̀. Ṣé ẹ mọ ìwọ̀n ilé ìtọ̀ náà? Mo jó o!

Mo gbé e lọ fi han Dókítà ọmọdé. Ó ṣẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó fún mi ní ìyókù. Ibẹ̀ ni èmi àti Síkírá ti gba Láfẹ́nwá lọ.

Ọkùnrin yẹn jókòó, aṣọ funfun lọ́rùn. Mo tẹ́ tẹ́rú mi sórí tábìlì rẹ̀. Mo ní, "Ohun tó ń jẹ́ kíndìnrín tó ti kú rèé."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyá, ẹ ò rí i? Mo sọ fún yín pé abẹ́rẹ́ mi á lé e jáde. Ẹ wá jẹ́rìí fún àwọn oníbàárà mi."

Ẹ̀jẹ̀ mi hó! Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ni mo ti ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, ó sì kéré sí mi. Mo gba "ẹ" mi padà lọ́jọ́ náà.

"Ìwọ! O ní kíndìnrín mi ti kú, ṣé òkú ló ń bímọ ni? Nọ́ńbà wà níwájú rẹ, o fò ó. O kò bi mí nípa ìgò, o kò bi mí nípa omi. Ṣọ́ọ̀bù nìkan lo bi mí!"

"Ìyá, ẹ rọra, àwọn èèyàn ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́! Ẹ wá gbọ́! Ẹni tó bá mú ìwé ìtọ̀ wá síbí, kó mú ìwé ilé rẹ̀ dání, torí òun ló fẹ́ kà!"

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti yàrá ẹ̀yìn. Síkírá, tí kò tíì sọ nǹkan kan, kí i dáadáa. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé téèpù yẹn ṣì wà lọ́wọ́? Wá bá wa wọn òkúta yìí."

Obìnrin náà padà wọlé. Àwọn tó wà ní ìta bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó ní ooru ń mú òun.

Olúwa, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ fún ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rèé nídìí ìró mi. Mo dúpẹ́ fún Títí. Mo dúpẹ́ fún Alhaja Síkírá, tó bọ́ ìbọ̀wọ́ nítorí mi. Mo dúpẹ́ fún ọmọ kékeré orí àga dókítà. Ìwọ tí wọ́n fún ní ìwé tí o kò lè kà, tí o ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ rẹ ní Wásinmi, rọra. Ìwé àyẹ̀wò kì í ṣe ìwé ìdájọ́. Gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, kó bi ọ́ ní ìbéèrè, kí ìwọ náà sọ òótọ́ fún un, títí kan òótọ́ tó ń tini lójú. Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi nínú ilé ìtọ̀, á gbọ́ tìrẹ níbi tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin aláró ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mu omi! Ẹ ṣọ́ aró fún ara yín. Inú á máa bí mi títí ẹ ó fi mu ún.

Ó ku ẹyọ kan kí n tó jókòó. Ọjọ́ tí mò ń jó nínú ilé ìtọ̀ yẹn, bàbá gbọ́ ariwo, ó kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà.

"Ìyá Títí! Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Òkúta ni, Bàbá! Mo ti bí i! Ó ti jáde!"

Mo ṣílẹ̀kùn, mo fi hàn án nínú tẹ́rú. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó mi orí. Ó na agolo rẹ̀ sí mi, ó ní ẹnìkan ló wọlé, ẹni méjì ló jáde. N kò ná an. Òkúta tí wọ́n fẹ́ fi gba ṣọ́ọ̀bù ìyá mi lọ́wọ́ mi, iye tí mo san kí òun àti èmi tó kúrò níbẹ̀ ni igba náírà.